Ṣé dandan ni kí n sá máratọ́ọ̀nù?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Kóòṣì. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Abẹ́òkúta, mo ti pé ọmọ ọdún 43, ọmọ mẹ́ta ni mo bí. Ó ti di ọdún mẹ́rin tí mo ti ń sáré. Ìṣẹ́jú 31 ni mo fi ń sá kìlómítà 5, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́fà ni mo sì fi sá kìlómítà 10 gbẹ̀yìn. Mo gbádùn ẹ̀ gan-an. Àwọn tá a jọ ń sáré ni ìṣòro mi. Gbogbo wọn ló ti lọ sá máratọ́ọ̀nù ní Èkó, wọ́n gba mẹ́dà bọ̀, ọ̀rọ̀ orí WhatsApp wa ti wá di kìlómítà 42 láàárọ̀, kìlómítà 42 lálẹ́. Wọ́n á ní, 'Nọ́ọ̀sì, ìgbà wo lo máa kúrò ní jẹ́lé-ó-sinmi?' Màá rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó ń dùn mí. Kò wù mí kí n sá 42 rárá. Ṣé ọ̀lẹ ni mí ni? Àbí èèyàn lè máa sá 5 àti 10 títí lọ, kó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn?"

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Ẹ jẹ́ kí n tètè mú èyí tó rọrùn kúrò ńlẹ̀: ẹ kì í ṣe ọ̀lẹ. Mi ò tíì rí ọ̀lẹ tó ń fi ọdún mẹ́rin jí sáré ní ìdájí, tí yóò tún lọ fi gbogbo ọjọ́ dúró ti aláìsàn. Ti ìtẹ́lọ́rùn ló le díẹ̀. Lóòótọ́ la máa ń sọ pé ìtẹ́lọ́rùn ni baba ìwà, àmọ́ mo ti rí i tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ yẹn pa ẹni tí ebi ń pa lẹ́nu mọ́. Torí náà, mi ò ní sọ pé kí ẹ gba kádàrá. Tèmi ni pé ẹ ò tíì ráyè mọ ìdí kìlómítà 5 yìí kí wọ́n tó ní kí ẹ fi í sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ jẹ́lé-ó-sinmi yẹn ni mo fẹ́ bá wí. Ó ti gba orí àwọn tó ń sáré kan pé àkàsọ̀ ni eré ìje: ẹ gun 5, ẹ gun 10, ẹ gun 21, kí ẹ wá dórí òrùlé tó ń jẹ́ 42. Ta ló to àkàsọ̀ ọ̀hún? Gángan kéré sí ìyá ìlù lójú, àmọ́ onígángan kì í jókòó máa retí ọjọ́ tí ìlù ọwọ́ rẹ̀ yóò dàgbà di ìyá ìlù. Bó ṣe máa sọ̀rọ̀ dáadáa lórí gángan ló ń wá.

Ẹ wo Òlíńpíìkì àwọn obìnrin. Máratọ́ọ̀nù obìnrin bẹ̀rẹ̀ ní Los Angeles ní 1984. Mítà 10,000 tẹ̀ lé e ní Seoul ní 1988. Mítà 5,000 ló wá kẹ́yìn, ní Atlanta ní 1996. Ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ yín ń pè ní jẹ́lé-ó-sinmi gan-an ló dé gbẹ̀yìn! Ní Barcelona ní 1992, mítà 10,000 ni Derartu Tulu, ọmọ Ethiopia, fi di obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tó gba góòlù Òlíńpíìkì. Nígbà tí eré parí, ó dúró de Elana Meyer, òyìnbó ọmọ South Africa tó ṣe ìkejì, àwọn méjèèjì sì jọ yí pápá ká. Yípo 25 ni wọ́n ti sá tán o.

Ẹ tún wo ti Sydney ní ọdún 2000. Haile Gebrselassie ọmọ Ethiopia àti Paul Tergat ọmọ Kẹ́ńyà jọ sá mítà 10,000. Ìṣẹ́jú 27 àti àáyá 18 ni àwọn méjèèjì lò. Ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún àáyá kan ni Haile fi ṣíwájú. Nínú mítà 100 àwọn ọkùnrin ní Òlíńpíìkì yẹn kan náà, àlàfo àárín ẹni kìíní àti ẹni kejì fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ bá mi bi àwọn ará WhatsApp yín bóyá eré ọmọdé nìyẹn.

Bó bá sì jẹ́ pé bí eré ṣe gùn tó la fi ń díwọ̀n iyì, kí la fẹ́ sọ nípa Fálílátù Ògúnkọ̀yà, ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn tiyín níbẹ̀? Yípo kan ṣoṣo ló sá ní Atlanta ní 1996, àáyá 49.10, ó gba bàbà. Tóbi Amúsàn ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde kò tiẹ̀ yí pápá ká rárá: mítà 100, ìdènà mẹ́wàá, àáyá 12.12, ní Eugene ní oṣù Keje 2022, kò sì sí obìnrin kan láyé tó tíì yára tó bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ yẹn. Ẹnikẹ́ni kò bi í pé ìgbà wo ló máa lọ sá èyí tó gùn.

Èmi náà ti jẹ́ kí wọ́n tì mí rí. Mo ti lé díẹ̀ ní ogójì ọdún nígbà náà. Ẹgbẹ́ wa ń lọ sá máratọ́ọ̀nù kan, mo ní kí n má dá kù sílé. Ọ̀sẹ̀ méje ni mo fi múra ohun tó yẹ kí n fi ọ̀sẹ̀ 16 múra, ẹ̀bi mi sì ni. Títí dé kìlómítà 28, mo ń juwọ́ sí àwọn èrò ẹ̀gbẹ́ títì bí ẹni ń díje dupò gómìnà. Nígbà tí mo dé 31, itan mi méjèèjì ti le bí odó. Mo jókòó sí etí gọ́tà. Ìyá kan tó ń ta ọsàn wò mí títí, ó bó ọ̀kan fún mi, kò gbowó. Ó wá ní, "Bàbá, ta ló rán yín?" Mi ò rí èsì fọ̀. Mo rin kìlómítà 11 tó kù, mo gba mẹ́dà. Odindi oṣù mẹ́ta ni ojúgun mi fi ń ta mí, mi ò lè sá kìlómítà mẹ́ta kí n má dúró. Mẹ́dà náà ṣì wà lára ìṣó nílé. Kọ́kọ́rọ́ géètì nìyàwó mi ń fi kọ́ sára ìṣó yẹn báyìí.

Ohun tó ṣe mí ní kìlómítà 31 kì í ṣe àfọ̀ṣẹ. Ṣúgà tí iṣan àti ẹ̀dọ̀ wa ń tọ́jú pa mọ́ fún iṣẹ́ agbára sún mọ́ 2,000 kálórì. Ẹni tó bá wọn kílò 70 ń jó nǹkan bíi kálórì 70 lórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣírò ẹ̀: bó bá ti ń sún mọ́ 30, ìkòkò ti ń gbẹ. Torí ẹ̀ ni àwọn tó ń sá máratọ́ọ̀nù ṣe ń mu nǹkan dídùn lójú ọ̀nà, tí wọ́n sì ní láti kọ́ ikùn wọn láti gbà á. Ní kìlómítà 10, 700 péré lẹ máa jó. Ẹ ti dé ilé kí ìkòkò tó dé ìlàjì, ẹ sì lè jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà yín ní ìrọ̀rùn. Àwọn kan á ní ohun tó mú 10 kéré nìyẹn. Lójú tèmi, òun ló jẹ́ kí ẹ lè sá a pẹ̀lú gbogbo agbára, kí ẹ sì tún sá òmíràn lóṣù tó ń bọ̀. Ẹni tó sá 42 dáadáa kò ní tún dán an wò fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Kí n tó gbàgbé, kìlómítà 42.195 yẹn gan-an kò sọ̀ kalẹ̀ láti ọ̀run. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ sá a ní Athens ní 1896, bíi 40 ni. Ní London ní 1908, wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré náà láti ààfin Windsor, wọ́n parí ẹ̀ níwájú ibi tí ìdílé ọba jókòó sí ní pápá, òun ló di 42.195. Ọdún 1921 ni wọ́n tó fọwọ́ sí i pé bẹ́ẹ̀ ni kó máa rí. Nítorí ìjókòó olorì ni gbogbo ayé ṣe ń jẹ̀rora ní kìlómítà méjì àti díẹ̀ tó kẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká tún ka àkókò yín. Ẹni tó ń múra máratọ́ọ̀nù gbọ́dọ̀ máa fi ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ sáré tó gùn, títí yóò fi dé bíi 30. Pẹ̀lú eré yín, ìṣẹ́jú méje àbọ̀ lórí kìlómítà kan ló yẹ kí ẹ máa fi sá irú èyí. Wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú 45 nìyẹn. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ní aago márùn-ún ìdájí, aago mẹ́sàn-án kù díẹ̀ lẹ ó tó parí, oòrùn Abẹ́òkúta ti ràn, òógùn kò gbẹ lára mọ́, ẹ ò sì ní lè ṣe nǹkan kan fún ọmọ mẹ́ta títí di ọ̀sán. Ẹni tó bá wù ú, kó ṣe é, mo kọ́ irú wọn, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn. Kò wù yín. Ẹ ti fẹnu ara yín sọ ọ́.

Bó bá jẹ́ nítorí ìlera ni ẹ ṣe ń bẹ̀rù pé ẹ ń pàdánù nǹkan, ẹ fọkàn balẹ̀. Ní ọdún 2014, wọ́n gbé àbájáde ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní Dallas ní Amẹ́ríkà lórí àgbàlagbà tó lé ní 55,000, tí wọ́n fojú tọ́ fún bíi ọdún 15. Iye àwọn tó ń sáré tó kú fi nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tí kò sáré. Àwọn tí kò sá tó wákàtí kan lọ́sẹ̀ rí èrè tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti àwọn tó ń sá jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ kò lè fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé eré nìkan ló fà á, nọ́ọ̀sì mọ ìyẹn jù mí lọ. Ṣùgbọ́n kò sí ibì kankan nínú ẹ̀ tó ti ní kí ẹ lọ sá 42.

Ó wá ku ibi tí mo fẹ́ jókòó sí. Ìṣẹ́jú 31 yín. Yípo 12 àti ààbọ̀ ni kìlómítà 5 lórí pápá mítà 400. Tí a bá pín in, yípo kọ̀ọ̀kan ń gbà yín tó ìṣẹ́jú 2 àti àáyá 29. Ẹ fẹ́ sá a ní ìṣẹ́jú 30? Ìṣẹ́jú 2 àti àáyá 24 ni yípo kọ̀ọ̀kan. Àáyá márùn-ún péré ló wà láàárín ẹ̀yin àti ìṣẹ́jú 30. Ìgbà tí èèyàn fi ń kí aládùúgbò pé "ẹ kú àárọ̀ o, ilé ńkọ́" gùn jù ú lọ. Síbẹ̀, ó lè gbà yín ní oṣù mẹ́rin, ó lè gbà yín ní ọdún kan, nítorí ẹ̀ẹ̀méjìlá àti ààbọ̀ lẹ máa wá a, léraléra.

Ẹ lọ sí pápá MKO Abíọ́lá ní Kútọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí ẹ kò ní iṣẹ́, bí wọ́n bá gbà yín wọlé. Bí wọn ò bá gbà, ẹ wá títì tó tẹ́jú, kí ẹ fi aago wọn mítà 400 níbẹ̀. Ẹ fi ìṣẹ́jú 15 rọra sáré kí ara móoru. Ẹ wá sá yípo kan ní ìṣẹ́jú 2 àti àáyá 20, ẹ rin ìlàjì yípo, ẹ tún sá òmíràn. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ti àkọ́kọ́ á dùn, ẹ ó máa rò pé Kóòṣì ń fi yín ṣeré ni. Ẹ̀kẹta ni ẹnu á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Ní ẹ̀karùn-ún, ibi tí pápá ti yí padà ní mítà 250, èjìká yín á fẹ́ gòkè lọ bá etí, ọwọ́ á di ìkúùkù láìjẹ́ pé ẹ rán an. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Ẹ tú ọwọ́ sílẹ̀ bí ẹni di ẹyin mú, ẹ sọ èjìká kalẹ̀, kí ẹ má fi kún ìgbésẹ̀ gígùn, kí ẹsẹ̀ kàn máa tètè kúrò nílẹ̀ ni. Bí aago bá ṣì ń sọ 2:20 níbẹ̀, ẹ ti kọ́ nǹkan tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó gba mẹ́dà 42 kò tíì kọ́.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ nìyẹn tó. Ọjọ́ kejì, ẹ rọra sá kìlómítà 5 tí ẹ lè máa sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀. Ọjọ́ kẹta, kìlómítà 10 sí 12, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta pé. Bí ẹ bá ti iṣẹ́ alẹ́ dé, ẹ sùn. Ẹ má mú pápá wọ inú àárẹ̀, orúnkún àti ojúgun kì í gbàgbé.

Ìdí mìíràn tún wà tí mo fi ń bá ẹni tó ti lé ní 40 sọ̀rọ̀ eré kíákíá. Bí ọjọ́ orí bá ti ń lọ, àwọn iṣan tó ń jẹ́ ká lè fò, ká lè ta kìjí, ló máa ń dín kù ju àwọn tó ń jẹ́ ká lè rìn jìnnà. Eré gígùn lọ́lẹ̀lọ́lẹ̀ nìkan kì í pè wọ́n síṣẹ́. Yípo mẹ́fà yẹn ń pè wọ́n.

Lọ́jọ́ ìje fúnra ẹ̀, mo mọ ibi tí ìṣẹ́jú 31 yín ti ń jò láì tíì rí yín. Kìlómítà àkọ́kọ́, ìró ìbọn ti dún, orin ń lọ, ẹ ó sá a ní ìṣẹ́jú 5 àti àáyá 40. Kìlómítà kẹta àti ẹ̀kẹrin ló máa san gbèsè rẹ̀. Ẹ sá ti àkọ́kọ́ ní ìṣẹ́jú 6 àti àáyá 5, kí àwọn kan kọjá yín, kí ó dùn yín díẹ̀. Ẹ ó bá wọn pàdé ní kìlómítà kẹrin, wọ́n á ti fọwọ́ lé ìbàdí.

Ẹ̀yin àti ọkàn yín nìkan lẹ lè ṣe ìdánwò kan tó kù. Àwọn àgbà ní àgbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí kò bá lé ejò, ejò ń lé e. Ẹ fojú inú wò ó pé kò sí fóònù, kò sí WhatsApp, kò sí mẹ́dà, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ láé pé ẹ sá 42. Ṣé ẹ ó ṣì fẹ́ sá a? Bí ọkàn yín bá sọ pé rárá wẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ ti parí. Bó bá ta pọ́ńkán, tó ní "mi ò bá sá a, ẹ̀rù ni ò jẹ́," ìyẹn kì í ṣe ìtẹ́lọ́rùn mọ́, ẹ̀rù ni, ẹ̀rù sì ní oògùn tirẹ̀: ẹ kọ̀wé sí mi padà, ká jọ fi ọdún kan àti ààbọ̀ múra, láì kánjú. Ìtìjú kò sí nínú èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kí ẹ lọ jókòó sí etí gọ́tà kí ìyá ọlọ́sàn bi yín ní ìbéèrè tó bi mí.

Àwọn tó dà bíi yín pọ̀ jù bí ẹ ṣe rò lọ. Ní Atlanta, eré Peachtree tí wọ́n ń sá ní ọjọ́ kẹrin oṣù Keje lọ́dọọdún jẹ́ kìlómítà 10. Ènìyàn 110 ló parí ẹ̀ ní 1970, lóde òní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló ń sá a. Ní Addis Ababa, Haile tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan wà lára àwọn tó dá eré Great Ethiopian Run sílẹ̀ ní 2001, kìlómítà 10 náà ni, ìlú sì máa ń dà bí ọjọ́ ọdún. Nílé níhìn-ín, Okpekpe ní ìpínlẹ̀ Ẹdó ti ń ṣe kìlómítà 10 láti 2013, lórí òkè tí kò mọ ẹni ọ̀wọ̀. Àwọn ọmọ Kẹ́ńyà ń wọ ọkọ̀ òfuurufú wá síbẹ̀ nítorí kìlómítà 10 péré.

Àbúrò mi kan wà ní Peckham ní London. Gbogbo àárọ̀ Sátidé ní aago mẹ́sàn-án, ó ń lọ sá kìlómítà 5 ní Burgess Park, ọ̀fẹ́ ni. Parkrun ni wọ́n ń pè é. Ènìyàn 13 ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní Bushy Park ní oṣù Kẹwàá 2004, ó ti dé orílẹ̀-èdè tó lé ní 20 báyìí. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé wọ́n máa ń yan ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti rìn kẹ́yìn gbogbo èèyàn, kí ẹlòmíràn má bàa jẹ́ ẹni ìkẹyìn. Àbúrò mi yẹn ti sá a ju igba lọ, kò ju kìlómítà 5 lọ rí. Nígbà tí mo bi í pé ṣé kò sú u, ó ní ṣé ẹ̀bà ń sú mi ni.

Ní ti àwọn ọ̀rẹ́ yín, ẹ má bá wọn jà, ẹ má sì fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n ń ṣe, àwọn míràn sì ń fi bo oró ojúgun tiwọn. Nígbà tí wọ́n bá tún ń lọ sí Èkó, ẹ bá wọn lọ. Bí ìje bá ní ti kìlómítà 10 pẹ̀lú, ẹ sá a, ẹ wẹ̀, ẹ jẹun, kí ẹ wá lọ dúró dè wọ́n ní kìlómítà 32 pẹ̀lú piọ́ wọ́tà tútù àti ọsàn bíbó. Nọ́ọ̀sì ni yín, ẹ mọ ojú ẹni tó fẹ́ dákú. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, mo rò pé ọ̀rọ̀ jẹ́lé-ó-sinmi á rọlẹ̀. Bí kò bá sì rọlẹ̀, ẹ pè wọ́n síjà ní kìlómítà 5 kan, ẹ sọ ọjọ́ àti aago fún wọn, kí ẹ má yẹ̀ ẹ́.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ yípo mẹ́fà yẹn ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ kọ aago ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ìwé, ẹ ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí ẹ wá fi ránṣẹ́ sí mi. Ti ẹ̀karùn-ún ni mo fẹ́ kọ́kọ́ wò.